Ẹrù Rẹ̀ Dé, Òun Kò Dé

Èmi ni Múínátù Àdùkẹ́ Láwàní, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Láwàní ni bàbá mi; Rábíátù Àṣàkẹ́ ni ó bí Láwàní; ọmọ Oníkòyí ni Àṣàkẹ́, láti ìran àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ ọ́ ní kíkún báyìí nítorí pé àwọn tí ó kọ́ mi ní ìwé kì í gba iṣẹ́ tí kò bá ní orúkọ, ọjọ́ orí àti orírun ẹni tí ó ṣe é. Àṣàkẹ́ yìí, ìyá bàbá mi, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ìyá Àgbà ni à ń pè é nílé. Ní Màídúgùri, gbogbo àdúgbò Gwange, àti Hausa àti Kanuri, Kaka ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ìyá àgbà lẹ́nu tiwọn.

Yàrá kan wà nínú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá mi kọ́ fún un. Ìlà-oòrùn ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, nítorí pé Ìyá Àgbà fẹ́ràn oòrùn àárọ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dán ilẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà kò sùn níbẹ̀ rí. Lónìí, alùpùpù àti kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ọ̀dọ́ ilé ń kó síbẹ̀, síbẹ̀ "yàrá Ìyá Àgbà" ni wọ́n ṣì ń pè é, wọn a sì máa bi mí léèrè bí ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ tó. Ó ti sú mi láti máa dáhùn. Màídúgùri ni ó kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Èmi ni wọ́n rán pé kí n mú un wá sílé kí ọlọ́jọ́ tó dé, kò sì bá mi wá. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ń kọ ọ́, n kò sì ní fi ìbínú náà pamọ́ nítorí pé ẹni tí mo ń bínú sí ti kú.

Mo ti fi ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípò kejì ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí n tó wọ Yunifásítì. Nígbà tí àyè yọ fún mi ní Màídúgùri, inú àwọn ará ilé dùn. Wọ́n ní Ọlọ́run ni ó fẹ́ kí ojú ẹbí wà lára Ìyá Àgbà. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìlú náà di olú ìlú ìpínlẹ̀. Ilé ìjọba ń yọ káàkiri, igi inú ọgbà Yunifásítì kò sì tíì tó ohun tí ènìyàn ń sá sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, n ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Gwange. Ilé alámọ̀ ni ilé Ìyá Àgbà: yàrá méjì, àká kan tí ó ń kó ọjà sí, àti igi dóńgóyárò ńlá kan láàrin àgbàlá. Kán-ún àti ẹja gbígbẹ ni ó ń tà. Láti ìhà adágún Chad ni wọ́n ti ń gbé wọn wá fún un, òun náà a sì máa dì wọ́n ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

N kò ní tíì jókòó tán kí ó tó máa gbé àwọn ohun tí ó fẹ́ràn jáde. Kì í béèrè ohun tí ìwọ fẹ́. Ohun tí òun fẹ́ jù lọ ni yóò gbé ka iwájú rẹ, yóò fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọ, yóò sì máa wo ẹnu rẹ títí ìwọ yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ó fẹ́ràn èso dàbínò tí ó ti rọ̀ tí ó sì ń fà mọ́ ọwọ́. Ó fẹ́ràn kúnú gbígbóná tí atalẹ̀ rẹ̀ ń ta ènìyàn dé etí. Èyí tí ó fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ ni orí ẹja gbígbẹ tí ó ti rọ̀ nínú ọbẹ̀ kúkà tí a fi ewé oṣè sè, èmi kò sì fẹ́ orí ẹja láyé mi.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ara rẹ̀ ni kí ẹ bù fún mi."

"Ara? Kí ni wọ́n ń fi ara ẹja ṣe? Àwọn tí kò mọ ẹja ni wọ́n ń jẹ ara. Gbà, fa ojú rẹ̀ mu."

"N kò lè fa ojú ẹja mu."

"Kai! Odindi olùkọ́, ojú tí kò lè rí ọ mọ́ lo ń bẹ̀rù?"

Láti ẹ̀yìn ògiri ni Ya Falmata, aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Kanuri, tí ó ń kó ọnà sí ara fìlà, ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ń pariwo ní èdè Hausa pé, "Kaka, ki bar ta!" èyí ni pé kí ó fi mí sílẹ̀.

"N kò ní fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Orí ẹja ni mo fún un, n kò fún un ní ìdọ̀tí."

Mo fa ojú ẹja mu. Bí àwọn aláìsàn ti ń gbé oògùn mì ni mo ṣe gbé e mì. Mo wá bi í, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì mi wí, ìdí tí kò fi lè bu ohun tí kò wúlò fún un fún mi, kí òun sì jẹ èyí tí ó wù ú. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bí mo bá fún ọ ní èyí tí n kò fẹ́, ilé mi ni mo gbá, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn."

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó bá gbogbo ènìyàn jà lé. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Moduganari, níbi tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ péjọ sí, Àlàájì kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún mú aṣọ kan wá fún ìyá ọmọ. Aṣọ náà ti ṣá díẹ̀, òórùn kànfọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀. Gbogbo wa rí i, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Ìyá Àgbà nìkan ni ó na aṣọ náà sókè lójú ọ̀sán. "Àlàájì, ṣé ọmọ lẹ wá sọ lórúkọ ni, àbí àpótí lẹ wá tú?" Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀. Àlàájì bínú jáde, kò sì kí wa mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo ní ó yẹ kí ó lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kí ó gbé fìlà orí rẹ̀ fún ọmọ yẹn, n ó kúnlẹ̀ kí i."

Kì í ṣe ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a ń wọ̀ nìkan ni ó ń pín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún kejì mi, níbi tí mo sùn sí ní yàrá rẹ̀ kejì, ó gbá ẹsẹ̀ mi.

"Dìde, ó ti dé."

"Ta ni ó dé?"

"Dìde ná."

Mo sáré so ìró, mo ń wá gèlè, mo rò pé àlejò pàtàkì ni. Ó fà mí dé àárín àgbàlá, ó sì dá mi dúró sí òdìkejì igi, ó kọ ojú mi sí ìhà àríwá. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ọyẹ́ ni ó dé. Eruku bí àtíkè ti bo ewé dóńgóyárò, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ wọ aṣọ mi.

"Fà á símú," ni ó wí, ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ti òní yìí nìkan ni ó máa ń rí báyìí. Tí ó bá di ọ̀la, ó ti di eruku lásán."

Mo fà á símú, mo wúkọ́, ẹ̀fọ́rí sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ní ìdánwò ní ọjọ́ náà, pé oorun ni ó yẹ kí n sùn. Kò la ojú rẹ̀. Ó ní, "Wọn a tún un ṣe fún ọ. Èyí, wọn kì í tún un ṣe."

Wọn kò tún ìdánwò náà ṣe fún mi. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, inú tún ń bí mi.

Mo wá dé orí bàtà mi. Bàtà aláwọ̀ ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga níwọ̀n. Ìbàdàn ni mo ti rà á kí n tó wá, n kì í sì í wọ̀ ọ́ bí kò ṣe ọjọ́ ayẹyẹ. Mo fi í sí ilé Ìyá Àgbà kí àwọn obìnrin tí a jọ ń gbé ní yàrá má baà yá a wọ̀. Ní ọjọ́ kan, mo ń kọjá lọ ní ọjà àdúgbò Bulabulin, mo sì pàdé bàtà mi lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Yagana, ọmọ Ya Falmata, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó, ni ó wọ̀ ọ́. Kí n tó lanu, ọmọbìnrin náà ti wólẹ̀ láàrin ọjà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń fi Hausa ṣàdúrà fún mi, ó ní kò sí ẹ̀bùn ìyàwó tí òun gbà tí ó dára tó èyí tí Àǹtí Àdùkẹ́ fún òun. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ní, "Àmín." Mo sì gba Gwange lọ bí ìjì.

"Ìyá Àgbà, bàtà mi dà?"

"Ó wà lẹ́sẹ̀ Yagana. Ó bá a mu, àbí kò bá a mu?"

"Tèmi ni! Mo fẹ́ràn bàtà yẹn!"

"Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú un. O ní irú kan tí ó dúdú, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ṣé ìyẹn ni ǹ bá mú fún un?"

"Ẹ̀ bá fún un ní ohun tí ó jẹ́ tiyín."

"Mo fún un. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mi tí ó dára jù ni mo fún un ní orúkọ mi. Ṣé ìwọ kò ní orúkọ ni?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé. Ó bu kúnú fún mi. Ó ní, "Àdùkẹ́, àwọn ènìyàn yìí ni yóò sin mí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa rántí bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò sin ín yìí gan-an ni ìjà wa. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kí ó yé yín láìsọ ti kán-ún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò mọ ojú Ìyá Àgbà. Àpò kán-ún rẹ̀ ni mo mọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé láti òkè Ọya, àwọn àpò tirẹ̀ yàtọ̀ láàrin gbogbo àpò. Inú omi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ ni ó máa ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ̀, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ náà lu ara àpò kọ̀ọ̀kan, ìka márààrún a sì hàn kedere. Àṣà àwọn ará ilé wa tí ènìyàn wọn wà lókè Ọya ni pé bí ẹrù ẹni bá ti dé, ẹni náà dé nìyẹn. A ó wẹ ọwọ́, a ó jáde, a ó sì kí ẹrù. Èmi náà a kúnlẹ̀ níwájú àpò tí ọwọ́ búlúù wà lára rẹ̀, n ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Àgbà. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Àwọn àgbà a ṣàmín fún àpò. Ní ọjọ́ kan mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi ìdí tí ìyá rẹ̀ kì í fi í dáhùn. Bàbá mi ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà jìn."

Bàbá mi dàgbà, ó kọ́ ilé, ó dán yàrá ìyá rẹ̀. Bàbá bàbá mi ti padà wálé tipẹ́, ilé ni ó kú sí, ibojì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ibojì ọkọ ni Ìyá Àgbà ń ṣọ́ ní Gwange. Kò sí ohun tí ó dè é mọ́lẹ̀ tí ọlọ́gbọ́n lè tọ́ka sí. Bàbá mi rin ìrìn àjò wá fúnra rẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

"Ìyá mi, ilé ti parí."

"Alihamudulilahi. Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ń gbé Gwange."

"Ìyá mi, ẹ ti dàgbà."

"Ìwọ náà ti dàgbà. Jẹ dàbínò."

Bàbá mi jẹ dàbínò. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, ó jẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín dé táshà tí yóò ti wọ ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. "Àdùkẹ́, n kò lè bá ìyá mi jà. Ìwọ lo wà nítòsí. Mú un wá sílé fún mi. Má jẹ́ kí n ti ẹnu ọlọ́jà gbọ́ ikú ìyá mi."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi. Mo fi gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ní bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ti orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún, mo sọ ti dókítà, mo sọ ti àwọn ọmọ ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọmọ Oníkòyí kì í fi ẹ̀yìn rìn padà láti ojú ogun. Mo ní ilé kì í ṣe ojú ogun. Ó ní, "Ìwọ kò tíì bá àwọn àbúrò ọkọ mi gbé rí nìyẹn."

Ó kù díẹ̀ kí ọlidé ńlá ọdún kejì mi bẹ̀rẹ̀ ni ó kàn ṣàdéédéé gbà. A ń ṣa ẹja lọ́wọ́ ni. Ó ní, "Ó dára. Mo gbọ́. Máa lọ síwájú, kí wọ́n gbá yàrá yẹn. Ọkọ̀ Gàníyù ni yóò gbé wa." Gàníyù ni awakọ̀ tí ó ti ń ru ẹrù rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì sí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ Gàníyù nìkan ni Ìyá Àgbà gbà pé ó yẹ fún ìjókòó àgbà. Mo rí i tí ó ń di ẹrù pẹ̀lú ojú ara mi. Ó di ẹní rẹ̀. Ó di rédíò rẹ̀ tí ó fi ń gbọ́ ìròyìn Hausa. Ó di àwọn abọ́ tánganran olódòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ilé ṣófo. Mo kó ìwé mi lọ́wọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú orin lẹ́nu, mo sì sọ fún bàbá mi pé mo ti ṣe é.

Bàbá mi pa àgbò. Àwọn ìbátan wá láti oko àti láti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tí Gàníyù dé, ó ti ń fọn fèrè láti ojú títì, àwa obìnrin sì jáde pẹ̀lú omi tútù nínú igbá. Àbúrò bàbá mi, Ìyá Sàfúrá, sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ti kúnlẹ̀ kí ó tó ṣí i.

Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Lórí ìjókòó àgbà, bàsíà kan jókòó. Wọ́n fi gèlè Ìyá Àgbà so ó mọ́ ẹ̀yìn àga kí ó má baà ṣubú. Àwọn abọ́ olódòdó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú rédíò, pẹ̀lú dàbínò. Lẹ́yìn ọkọ̀, àpò kán-ún àti ẹja, ọwọ́ búlúù lára gbogbo wọn.

"Gàníyù, ìyá mi dà?" ni bàbá mi bi í.

Gàníyù bọ́ fìlà rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ti dé."

Gàníyù wá ń jíṣẹ́ bí wọ́n ti rán an: rédíò, ti Ìyá Sàfúrá; abọ́, ti àwọn ìyàwó ilé; ẹní, kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú yàrá tuntun. "Dàbínò, ti Bàbá Láwàní. Wọ́n ní kí ẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa, kí n lè lọ sọ fún wọn pé mo rí i." Bàbá mi jókòó sórí pèpéle, ó ń jẹ dàbínò ọ̀kọ̀ọ̀kan, àgbò ń jóná lórí iná lẹ́yìn ilé, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá Sàfúrá yí sí mi. "Àdùkẹ́ akọ̀wé! Ẹni tí a rán ọ sí kò dé, kán-ún dé. Kúnlẹ̀ kí i, ṣebí o mọ̀ ọ́n kí."

Nígbà tí mo padà dé Gwange, n kò kí i. Mo bá a lábẹ́ igi dóńgóyárò. Orí ẹní tuntun kan ni ó jókòó sí, ẹní tí mo mọ̀ pé ti Ya Falmata ni, èyí tí kì í tẹ́ bí kò ṣe fún Ìmáàmù.

"Ẹ tàn mí," ni mo wí. "Ẹ dójú tì mí níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ ní ẹ ó wá."

"Mo wá. Ṣé Gàníyù kò jíṣẹ́ ni?"

"Bàsíà ni ó wá!"

"Láwàní jẹ dàbínò?"

"Ó jẹ ẹ́, ó sì ń sunkún! Ẹ̀yin ni ó fẹ́, Ìyá Àgbà, kì í ṣe dàbínò!"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fi ọwọ́ ra orúnkún. "Gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn tí ó ṣeé dì ni mo dì fún un. N kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ara arúgbó yìí, èmi fúnra mi kò fẹ́ ẹ mọ́. Ṣé òun ni n ó wá dì fún ọmọ mi?"

"Òun gan-an ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún."

"Kò mọ ohun tí ó ń fẹ́. Ọmọdé ni." Bàbá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. "Àdùkẹ́, jókòó. O rí òjìji yìí, o rí obìnrin tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri yẹn, o rí ọyẹ́. Wọn kò wọ àpò. Àwọn tí kò wọ àpò ni mo dúró tì."

Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí nínú ìwé, n ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni yóò gbé e lọ fún ọmọ tí ń dúró de ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni o kàwé."

Ó kú ní ìgbà ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìparí ẹ̀kọ́ mi. Àárọ̀ ni ó kú; kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará Gwange ti sin ín bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin wọn sì ṣe é bí ẹni pé ìyá tiwọn ni. Gàníyù, tí ó kó ẹja wá fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ni ó sọ fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi kò bá mi wí. Ì bá sàn kí ó bá mi wí.

Ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn ni ó kù. Mo ti parí Yunifásítì, wọ́n sì ti yàn mí sí ìhà gúúsù fún iṣẹ́ ìsìn ìlú. Mo gba ìjókòó méjì nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Jos, kí á lè ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. N kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo kàn sọ fún un pé kí ó wọṣọ. Sí ìyàlẹ́nu mi, ó wọṣọ. Ó tẹ̀ lé mi dé táshà, ó wọ inú ọkọ̀, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ti ń rò ó bí n ó ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé wa tí n ó sì sọ pé, "Bàbá, ẹ wo ẹni tí mo mú wá."

Obìnrin kan dúró nísàlẹ̀, ọmọ jòjòló lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ ọmọ ọkọ̀ pé ìyá òun ń ṣàìsàn ní Jos. Ọmọ ọkọ̀ ní ọkọ̀ ti kún. Ìyá Àgbà dìde.

"Ìyá Àgbà, ẹ jókòó."

"Ó ń lọ bá ìyá rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ń lọ bá ọmọ yín! Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀, kí ó dúró dè é!"

"Àdùkẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀. Jẹ́ kí ó jókòó."

Ó ti ré mi lórúnkún kọjá kí n tó lè dì í mú. Obìnrin náà wọlé, ó ń dúpẹ́, ó sì jókòó síbi tí ó ṣì gbóná. Mo kígbe láti ojú fèrèsé, àwọn èrò sì ń wò mí: "Ẹ má ṣe èyí fún mi! Kí ni kí n sọ fún bàbá mi?"

Ó padà wá sí ìdí fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, lójú obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀. "Sọ fún un pé o gbìyànjú. O gbìyànjú, ọmọ mi. Èmi ni n kò lọ."

Ọmọ ọkọ̀ lu ara bọ́ọ̀sì, ó ní "Mu tafi!" pé kí á máa lọ, ọkọ̀ sì ṣí. Mo yọ orí kí n lè ju ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti kẹ̀yìn sí wa, ó ń rọra gba ẹnu ọ̀nà táshà jáde, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, bí onílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àlejò rẹ̀ tán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Òkúdù, ọdún 1981.